Bí Ọdẹ́ṣínà Ṣe Wo Àpótí Tó Ń Kùn Sàn

Kí ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́ wú u báyìí, kí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ lọ mumi, nítorí ìtàn etí ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹni tí etí rẹ̀ bá ṣáko lọ lágbede méjì kò ní mọ ibi tí yóò ti bá wa. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èmi kì í ṣe ọdẹ tí í fẹnu pa ẹran. Ẹfọ̀n méje ni mo ti fi ọwọ́ ara mi pa. Ìkẹjọ rí mi lókèèrè, òun fúnra rẹ̀ ló dùbúlẹ̀ dè mí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe tèmi. Ọ̀rọ̀ Ọdẹ́ṣínà ará Òkè-Ìgbín ni, ẹni tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ dẹ igbó fún ọdún mọ́kànlélógún. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ìrìn-àjò náà fún mi, ọdún mẹ́sàn-án sì wà láàárín ìkínní àti ìkejì, kò yí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà. Ẹni tó bá ń purọ́ kì í rántí irọ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ méjì ni Ọdẹ́ṣínà ń ṣe. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọdẹ ni. Nígbà òjò, tí ìgbẹ́ bá ti dí tí ipa ẹsẹ̀ ẹran kò hàn mọ́, yóò jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ ìyá rẹ̀, yóò máa tún rédíò ṣe. Ìyá rẹ̀ yìí ni a ń pè ní Ìyá Àyìnkẹ́. Àyìnkẹ́ ni àkọ́bí, ẹ̀gbọ́n Ọdẹ́ṣínà, ọmọbìnrin kan tó jẹ́ pé bí ó bá ń kọrin, àwọn tó ń lọ sódò á sọ korobá kalẹ̀ láti gbọ́ ọ. Ibà ọjọ́ mẹ́rin ló mú un lọ, nígbà tó ku oṣù díẹ̀ kó pé ọmọ ogún ọdún. Ohun kan ṣoṣo tó kù lẹ́yìn rẹ̀ ni kásẹ́ẹ̀tì kan. Tíṣà kan tó gbé inú ilé wọn rí ló gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan tó ń kọrin níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé. Ìyá di kásẹ́ẹ̀tì náà sínú aṣọ, ó tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí rẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún kọjá, kò láyà láti gbọ́ ọ.

Nígbà tó yá, etí ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í di. Kì í ṣe lójijì; díẹ̀díẹ̀ ni, bí ilẹ̀kùn tí atẹ́gùn rọra ń tì. Kíkọ àkùkọ ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé, lẹ́yìn náà òjò orí páànù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó pe ọmọ rẹ̀, oríkì rẹ̀ ló sì fi pè é.

“Àlàní,” ó ní, “etí mi ń lọ. Ojú Àyìnkẹ́, mo ń rí i bí mo ṣe ń rí ọ yìí. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀, mi ò rántí rẹ̀ mọ́. Kí etí mi tó lọ tán, jẹ́ kí n gbọ́ ọ.”

Ọdẹ́ṣínà dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ti gbọ́.

Rẹkọ́dà tó wà nílé ti gbó. Ẹnu tó fi ń ka kásẹ́ẹ̀tì ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n ohùn tó ń ti ibẹ̀ jáde kò ju ohùn èèrà lọ. Bí a bá ń gún iyán nínú ewé, tí a sì ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Ọdẹ́ṣínà mú agolo bisikíìtì, ó tú òkú rédíò mẹ́ta palẹ̀, ó fi òjé yíyọ́ lẹ àwọn èròjà inú wọn mọ́ra, ó sì fi wọ́n ṣe àpótí kan tó pè ní agbóhùndìde. Iṣẹ́ àpótí náà ni kí ó gba ohùn kékeré lẹ́nu rẹkọ́dà, kí ó gbé e dìde, kí ó tó fi lé ẹ̀rọ tó ń ti sípíkà lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ohun tí agbóhùndìde bá bàjẹ́, ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò lè tún un ṣe. Ńṣe ni yóò kàn sọ ìbàjẹ́ náà di ńlá.

Lọ́jọ́ tó tan án fún ìyá, nǹkan mẹ́ta ló jáde. Kíkùn kan wà, hùùù, bí agbo oyin tó wà nínú ògiri. Híhó kan wà, bí epo tó gbóná lórí iná. Láàárín méjèèjì ni ohùn Àyìnkẹ́ wà, tín-ín-rín bí ohùn ẹ̀fọn. Ìyá tẹ́tí títí, ó fi ọwọ́ gbá etí rẹ̀ síwájú. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó béèrè jẹ́jẹ́ pé, “Ọmọ ta nìyẹn?”

Ọ̀rọ̀ náà dun Ọdẹ́ṣínà dé akínyẹmí ara. Ó kó ẹrù náà lọ sí ahéré rẹ̀ létí igbó, níbi tí ojú ènìyàn kò tó, ó tún un tú, ó tún un tò. Bó ṣe tan án ni kíkùn náà tún bẹ̀rẹ̀. Ó pa á, kíkùn kò dákẹ́. Ó gbé etí sókè, ó rí i pé inú igbó ló ti ń wá. Ó tún tan àpótí, méjèèjì jọ ń kùn pọ̀; ó pa á, ti igbó ń kùn lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń ṣe èyí kó tó dá a lójú pé ohun tó ń kùn nínú àpótí òun ń dá ohun kan tó ń kùn nínú igbó lóhùn. Ọdẹ kì í sì gbọ́ ohùn ohun tí kò mọ̀ kó padà sílé lọ sùn. Ó lọ dágbére fún ìyá, ìyá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní kó lọ ní jẹ́jẹ́, kó bọ̀ ní jẹ́jẹ́. Ó gbé ìbọn, ó di àpótí àti rẹkọ́dà àti sípíkà kékeré kan sínú àpò, ó kó bátìrì, ó kó irin tó fi ń yọ́ òjé, ó kó àwọn èròjà tó kù lára òkú rédíò. Ó wọ igbó.

Igbó tó wọ̀ yìí, igi inú rẹ̀ ń gbọ̀n láìsí atẹ́gùn. Kò tíì rìn jìnnà tí iwin kan fi dìde lọ́nà. Orí iwin náà jẹ́ ilé oyin, oyin ń wọ ihò ojú rẹ̀, wọ́n ń gba etí rẹ̀ jáde. Akùnmátàán lorúkọ rẹ̀. Ó bi Ọdẹ́ṣínà pé ta ló fún un láṣẹ láti máa kùn nínú àpò láìsan ìṣákọ́lẹ̀ kíkùn. Ká ní èmi ni, ǹ bá ti bi í pé ta ló bí i. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́ṣínà kì í ṣe oníjà; ó ní òun kò mọ ẹni tó ni kíkùn, ẹni tó ni ín gan-an lòun ń wá. Iwin ní kó máa tẹ̀lé òun.

Ó mú un dé ìlú kan tí gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ ń kùn. Wọ́n ń kùn bí wọ́n ti ń jẹun, wọ́n ń kùn bí wọ́n ti ń sùn. Ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé ló ń gbọ̀n tí ó sì ń mì wọ́n láyà, bí ẹni méjì bá sì fẹ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọn á di ara wọn lápá mú kí ọ̀rọ̀ má bàa jábọ́. Baálẹ̀ wọn, àgbàlagbà kan tí eyín rẹ̀ ti gbọ̀n dànù tán, sọ fún un pé àlejò tó bá gbé kíkùn wọ ìlú àwọn kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́, àfi bó bá lè dáhùn ìbéèrè kan tí àwọn bàbá àwọn fi sílẹ̀: ta ló ń jà lábẹ́ ilẹ̀?

Ọdẹ́ṣínà ní kí wọ́n fún òun láyè. Ó dojú bolẹ̀, ó fi etí lé ilẹ̀ bí ọdẹ ti í ṣe nígbà tó bá ń gbọ́ ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín. Ọjọ́ kan, ọjọ́ kejì, ó ń rákò láti agbolé dé agbolé. Ó rí i pé agbolé mẹ́rìndínlógún ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì gbẹ́ gọ́tà tirẹ̀, tí ó darí rẹ̀ sí ibi tó wù ú. Omi tí agbolé kan dànù yóò gba abẹ́ ilẹ̀ yọ sínú gọ́tà ẹlòmíràn, ìyẹn yóò tì í padà, wọn yóò sì máa ti ara wọn lọ, ti ara wọn bọ̀, láìdúró. Lọ́jọ́ kẹta ó dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀.

“Kò sẹ́ni tó ń jà,” ó sọ fún Baálẹ̀. “Omi tí kò mọ ilé tí yóò sùn ló ń rìn káàkiri lábẹ́ yín. Ẹ gbẹ́ kòtò kan ṣoṣo síbi tí ilẹ̀ ti relẹ̀ jù, kí gbogbo gọ́tà máa lọ síbẹ̀ tààrà, kí ọ̀kan má gba ọ̀dọ̀ èkejì kọjá.”

Wọ́n rò ó, wọ́n kùn sí i, wọ́n gbà. Òun náà mú ọkọ́ bá wọn gbẹ́ ẹ, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì bó. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí gọ́tà ìkẹrìndínlógún wọ kòtò náà, ilẹ̀ mí kanlẹ̀, ó dúró. Gbogbo ìlú dákẹ́. Ọmọ ọwọ́ kan tí wọ́n bí lóṣù náà bú sẹ́kún, nítorí kò gbọ́ ìdákẹ́ rí láti ọjọ́ tó ti wáyé. Oyin orí Akùnmátàán bà sí ibi tí wọ́n wà, kò sí ohun tí wọn yóò kùn fún mọ́. Iwin náà rìn lọ bá Ọdẹ́ṣínà, ó béèrè iṣẹ́ tí òun yóò wá máa ṣe báyìí. Ọdẹ́ṣínà ní kó máa ta oyin.

Kó tó kúrò níbẹ̀ ló ṣí agolo rẹ̀. Ojú ara rẹ̀ tì í. Ibi mẹ́rin ni òun náà ti so wáyà tó ń dá iná padà sílẹ̀ mọ́ ara agolo, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní igun tirẹ̀, bí agbolé tí kò bá agbolé ṣe pọ̀. Àìrìn pọ̀ ejò ní í jẹ ejò níyà. Ó kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi òjé dè wọ́n pọ̀ sí ojú kan ṣoṣo. Ó tan àpótí, kíkùn kò sí mọ́. Híhó ṣì wà, ohùn Àyìnkẹ́ sì ṣì rí bí ohùn ẹ̀fọn, ṣùgbọ́n ó ti di ẹ̀fọn tí kò sí oyin lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo ara yín lójú yìí, ẹ má wulẹ̀ wò. Mo ti rí oyin náà jẹ. Ọdẹ́ṣínà gbé ìgò rẹ̀ kan bọ̀.

Láti ibẹ̀ ó dé ìlú olódi kan. Ẹnubodè rẹ̀ tóóró débi pé ewúrẹ́ tó lóyún kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ ni iwin obìnrin kan tí ọrùn rẹ̀ gùn bí ọ̀pẹ, tó ń wo gbogbo ènìyàn láti òkè. Inú ìlú kún fún àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn wọn bí ti ẹyẹ ẹ̀gà. Ìta odi kún fún àwọn tó sanra, wọ́n pàgọ́, wọ́n jókòó. Ọ̀kan nínú wọn, Róbótó lorúkọ rẹ̀, ló bá Ọdẹ́ṣínà sọ̀rọ̀. Ó ní nígbà tí òun ṣì rù lòun jáde lọ ṣẹ́gi. Ebi pa òun, òun jẹ èso igbó kan, ara òun wú, bí òun kò ti lè wọlé mọ́ nìyẹn, ó di ọdún mọ́kànlá. Ìyàwó òun wà nínú lọ́hùn-ún. Òun a máa pè é láràárọ̀, ṣùgbọ́n ohùn òun náà ti nípọn jù, kò lè gba ẹnubodè wọlé. Òun sì ń gbọ́ ti ìyàwó ní tirẹ̀, tó ń dárò òun pé òun ti kú.

Ọdẹ́ṣínà lọ bá olùṣọ́ náà, ó kí i, ó ní kí ló dé tí wọn kò fi fẹ ẹnubodè yìí. Iwin ní ohùn tó nípọn kò ní àǹfààní kankan nínú ìlú, ariwo ni, ìdọ̀tí ni. Ó ní bí ó bá lè sọ fún òun èwo ló dàgbà jù nínú ohùn tín-ín-rín àti ohùn tó nípọn, òun yóò gbà á láyè kí ó ṣe ohun tó bá fẹ́ sí ẹnubodè. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kó lọ pàgọ́ tirẹ̀.

Ọdẹ́ṣínà jókòó lórí òkúta. Ó ronú kan ìyá rẹ̀ nílé, ó ronú kan Àyìnkẹ́ tí wọ́n bí ṣáájú òun. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè.

“Èyí tó nípọn ni,” ó ní. “Kí a tó gbọ́ igbe ọmọ, a ti gbọ́ ìkérora ìyá.”

Ọrùn iwin náà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi dọ́gba pẹ̀lú ti Ọdẹ́ṣínà. Ó yẹra lọ́nà. Àwọn tó sanra dìde, wọ́n fa igi ẹnubodè tu, wọ́n fẹ̀ ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Nígbà tó kan Róbótó, ìyàwó rẹ̀ wò ó láti òkè délẹ̀, ó wò ó láti ìsàlẹ̀ dókè. Ó ní oúnjẹ rẹ̀ ti tutù. Ó wọlé lọ gbé e kaná.

Ọdẹ́ṣínà tún ṣí agolo. Ní ẹnu ibi tí ohùn ń gbà wọ inú rẹ̀, èròjà kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, èyí tí àwa kò mọ̀ ṣùgbọ́n tí àwọn onírédíò ń pè ní kapásítọ̀. Òun gan-an ni ẹnubodè. Ó kéré, ohùn tín-ín-rín nìkan ló ń jẹ́ kó wọlé, gbogbo ohun tó nípọn nínú ọ̀fun Àyìnkẹ́ ló ń dá dúró síta. Ọdẹ́ṣínà yọ ọ́ sọnù, ó wá ńlá kan nínú àpò, tó tó orí àtàǹpàkò, ó fi òjé lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Nígbà tó tan án, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọrin pẹ̀lú àyà. Ọdẹ́ṣínà ní fún ìgbà díẹ̀ òun kò lè fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ó ku híhó náà. Bó ti ń lọ, ó ṣàkíyèsí pé ìró ẹsẹ̀ òun ń dínkù. Ó tẹ ewé gbígbẹ, ewé kò dún. Ó wúkọ́, kò gbọ́ ọ. Ó ti dé Ìlú Ìdákẹ́ nìyẹn. Ènìyàn ń ná ọjà níbẹ̀, wọ́n ń fi ojú ná an. Ọmọdé ń sáré, bí ẹni tó ń sáré nínú òwú. Kò sí ẹni tó ń banú jẹ́, kò sí ẹni tó ń dunnú jù. Wọ́n mú un lọ sí ààfin Ọba Adákẹ́jayé, nítorí inú ààfin yẹn nìkan ni wọ́n ti ń fọhùn.

Ọba náà ti darúgbó, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ tó ń bọ́ sílẹ̀. Ọdẹ́ṣínà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sọ ohun tó bá wá. Ọba ní kí wọ́n gbé òkúta funfun kan wá, ó tutù bí ojú ìkòkò omi. Wọ́n gbé e lé orí agolo, wọ́n ní kí Ọdẹ́ṣínà tan ẹ̀rọ rẹ̀. Òkúta náà mu gbogbo híhó. Ohùn Àyìnkẹ́ jáde, ó mọ́ gaara, kò sí ohun mìíràn lára rẹ̀. Àwọn ìjòyè mi orí. Ọdẹ́ṣínà náà kọ́kọ́ yọ̀. Ṣùgbọ́n bó ti ń gbọ́ ọ lọ, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, kò sì mọ ohun tó fà á. Ó tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Kò gbọ́ ìró èèpo ẹ̀gúsí tó ń bọ́ sínú igbá. Kò gbọ́ adìẹ. Ó tẹ́tí sí àárín orin, níbi tí ẹsẹ̀ kan ti parí tí èkejì kò tíì bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló ti wá yé e. Àyìnkẹ́ kò mí.

Ó gbé òkúta náà kúrò lórí agolo, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e padà síwájú ọba.

“Ṣé kò dára tó ni?” ọba béèrè.

“Ó dára, Kábíyèsí. Ṣùgbọ́n òkú ló ń kọrin yìí. Ẹni tí ìyá mi fẹ́ gbọ́ wà láàyè lọ́jọ́ náà.”

Ọba Adákẹ́jayé gba òkúta náà. Àwọn ìjòyè ń retí pé inú yóò bí i, nítorí kò sí ẹni tó dá òkúta náà padà rí. Nígbà tó yá, ọba ní bí kò bá fẹ́ òkúta, ìlú wà níbẹ̀. Kí ó jáde lọ jókòó nínú ìdákẹ́ tó wà níta, kó tẹ́tí sí àpótí rẹ̀ fúnra rẹ̀, òun yóò pàṣẹ kí ìdákẹ́ yàgò fún ohùn àpótí náà nìkan. Ọdẹ́ṣínà jókòó sábẹ́ igi kan. Ìdákẹ́ ibẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi lè gbọ́ èròjà kọ̀ọ̀kan nínú agolo lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí ìyá ti í gbọ́ èémí ọmọ rẹ̀ láàárín ọmọ mẹ́wàá. Ó gbé etí sún mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkínní dákẹ́, ìkejì dákẹ́. Ìkẹta, tìrànsísítọ̀ kékeré kan tó yọ lára rédíò tí òjò ti pa rí, òun ló ń hó bí ẹni tí inú ń bí. Ó yọ ọ́. Mẹ́rin irú rẹ̀ ló wà nínú àpò. Èyí tó kọ́kọ́ fi síbẹ̀ burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìkejì kò sọ̀rọ̀ rárá. Ìkẹta ló fara balẹ̀. Híhó lọ sílẹ̀, ó ku wínníwínní kan tó wà lára kásẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Ọdẹ́ṣínà fi ìyẹn sílẹ̀. A kì í bá ọmọ jà nítorí àmì tó bá a wáyé.

Ó padà lọ dúpẹ́, ó ní òun fẹ́ máa lọ. Ọba wá sọ òfin ìlú fún un: ẹni tó bá wọ Ìlú Ìdákẹ́ kò ní jáde láìfi ohùn kan sílẹ̀. Kí ó mú èyí tó bá wù ú. Ojú àwọn ìjòyè lọ sára kásẹ́ẹ̀tì. Ọdẹ́ṣínà ronú díẹ̀, ó sọ ìbọn rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́jìká, ó ní kí wọ́n gba ohùn rẹ̀.

Ẹ̀yin tí kì í ṣe ọdẹ kò lè mọ ohun tí ọkùnrin yìí fi sílẹ̀. Ìbọn kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń dún. Bí ti Ọdẹ́ṣínà bá dún láyé ìgbà náà, àwọn ìyàwó ilé ní Òkè-Ìgbín á ti máa gbé omi kaná, wọ́n á ní Ọdẹ́ṣínà ti pa nǹkan. Ibẹ̀ ni òkìkí ọdẹ wà. Láti ọjọ́ tó ti Ìlú Ìdákẹ́ dé, ìbọn náà kò dún mọ́ títí ó fi tà á fún alágbẹ̀dẹ. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ tó yìn ín fún ẹtu kan. Mo rí èéfín, mo rí ẹtu tó ṣubú, n kò gbọ́ nǹkan kan. Bí àwa méjèèjì bá ti igbó dé pẹ̀lú ẹran, ìbọn tèmi nìkan ni ìlú gbọ́, èmi ni wọ́n sì ń kì. Òun a máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo jẹ́ kí wọ́n máa kì mí, mo sì ń jẹ́wọ́ rẹ̀ lónìí.

Oṣù kẹta tó ti wọ igbó ti ń parí lọ nígbà tó délé. Etí ọ̀tún ìyá ti di pátápátá, ti òsì ló ku díẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ó tẹ́ ẹní sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó gbé sípíkà kalẹ̀ níwájú ìyá, ó tan ẹ̀rọ. Kíkùn kò sí, híhó kò sí, ìyá rò pé kò tíì bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ bi í pé kí ló ń dá a dúró. Ìgbà náà ni Àyìnkẹ́ gbé orin:

Ẹ̀gúsí mi, ṣílẹ̀kùn fún mi,
Àlejò funfun ń bẹ níyàrá.
Kì í ṣe olè ló ń kànlẹ̀kùn,
Ọwọ́ tó gbìn ọ́ ló dé.

Ìyá kò sunkún. Ó na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ojú sípíkà, bí ẹni tó fi ọwọ́ lé àyà ọmọ láti mọ̀ bóyá ara rẹ̀ gbóná. Ó ní, “Àyìnkẹ́ mi nìyẹn.” Ọdẹ́ṣínà yí ojú síta.

Orin náà lọ dé òpin ẹsẹ̀ kejì. Lẹ́yìn rẹ̀, lọ́nà jíjìn díẹ̀, láàárín ìró èèpo tó ń bọ́ sínú igbá, obìnrin kan bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gùn, ó ń yí gbirigbiri, ẹ̀rín ẹni tí ìyà kankan kò tíì jẹ. Ó ní, “Àyìnkẹ́, èyí tí o bó kò tó èyí tí o jẹ!” Àyìnkẹ́ náà rẹ́rìn-ín, orin dàrú mọ́ ọn lẹ́nu, ó tún un gbé.

Ọdẹ́ṣínà kò gbọ́ ohùn yẹn rí nínú kásẹ́ẹ̀tì náà, nítorí kíkùn àti híhó ti bò ó mọ́lẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n sì ti lọ, kò tíì gbọ́ orin náà dé òpin ẹsẹ̀ kejì. Ó tẹnu bọ etí òsì ìyá rẹ̀, ó béèrè ẹni tí obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín náà jẹ́.

Ìyá kò gbé ọwọ́ kúrò lójú sípíkà.

“Èmi ni,” ó ní.

Ọmọ ọdún méjìlá ni Ọdẹ́ṣínà lọ́dún tí wọ́n gba ohùn náà sílẹ̀, inú ilé kan náà ló sì ń gbé. Ó yẹ kó mọ ẹ̀rín ìyá rẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n. Ó ní òun jókòó níbẹ̀, òun ń wo arúgbó tó wà níwájú òun, òun sì ń gbọ́ obìnrin náà, òun kò mọ èwo nínú wọn ni kí òun bá sọ̀rọ̀. Ìyá ní kó dá orin náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó dá a padà. Ìyá tún ní kó dá a padà.

Kí òjò ọdún náà tó dá, etí òsì ti lọ. Kò sí ohun tí ìyá ń gbọ́ mọ́, ìbáà ṣe àrá. Síbẹ̀, lọ́sàn-án gbogbo tó bá ti jẹun tán, yóò juwọ́ sí Ọdẹ́ṣínà pé kó tan ẹ̀rọ, yóò sì fi àtẹ́lẹwọ́ lé ojú sípíkà. Èmi náà ti bá wọn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan, mo sì rí i pẹ̀lú ojú mi. Yóò jókòó jẹ́ẹ́, ojú rẹ̀ á wà lára ògiri, títí orin yóò fi dé òpin ẹsẹ̀ kejì. Nígbà tí obìnrin inú kásẹ́ẹ̀tì bá bú sẹ́rìn-ín, òun náà á bú sẹ́rìn-ín. Kò ní ṣáájú, kò ní kẹ́yìn, ẹ̀rín kan náà ni.

Ibi tí Ọdẹ́ṣínà fi ẹnu tì sí lẹ́ẹ̀mejèèjì nìyẹn, ibẹ̀ ni èmi náà sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Kí ẹni tó bá ní ìyá nílé tètè máa lọ.